Aṣọ Pupa Lẹ́nu Tọ́ọ̀ṣì

Adìyẹ mẹ́ta tí kò lórí ni Norbert kó wá sí ẹnu ọ̀nà Ògúndélé ọdẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò kí i. Ó jù wọ́n sílẹ̀ lórí pèpéle bí ẹni ń da pàǹtí nù, ó sì na ìka sí ajá tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi.

"Ajá rẹ ló pa wọ́n."

Kì í ṣe ti adìyẹ ló kọ́kọ́ dun Ògúndélé. "Ajá rẹ" ló dùn ún. Ọmọ tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí funfun kan ṣoṣo kò tíì yọ lágbọ̀n rẹ̀, ń bá ẹni tó lè bí i lọ́mọ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Norbert ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ará Ṣakẹ́tẹ́ ni, ìjọba ló gbé e wá sí Ṣábẹ, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Kàmáráàdì Dirẹtẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ayé wí nígbà náà, ọdún kejì tí àwọn ológun yí orúkọ Dàhòmì padà sí Bẹ̀nẹ̀. Norbert ní nínú ètò tuntun yìí kò sí àgbà, kò sí ọmọdé, ọgbọọgba ni gbogbo wa. Àmọ́ bí aláṣẹ bá ti Kútọnu dé, ẹnu rẹ̀ á kún fún "ẹ̀yin", ọrùn rẹ̀ á sì tẹ̀ bí ti ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ògúndélé ti rí i lẹ́ẹ̀mejì.

"Kínimoṣe," ni Ògúndélé wí fún ajá náà, "dìde kúrò níbẹ̀."

Orúkọ ajá náà nìyẹn. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń sọ ajá lórúkọ á mọ̀ pé ẹnì kan nítòsí ni wọ́n fi ń bá wí. Àbúrò Ògúndélé tó bá a jà lórí oko kajú ni wọ́n fi í bá wí lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Àbúrò ti kú, ìjà ti tán, orúkọ ló kù. Ṣùgbọ́n Norbert gbà pé òun ni bàbá yìí ń bú. Ní gbogbo alẹ́ tí Ògúndélé bá pe ajá rẹ̀ wá jẹun, imú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ á fẹ̀ lódìkejì ọgbà.

Ògúndélé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ ọrùn àwọn adìyẹ náà wò. "Ẹtà ló ṣe èyí. Bí ajá bá mú adìyẹ, á fà á ya, ìyẹ́ á kún ilẹ̀. Wo ọrùn wọn. Ó gé wọn bí ẹni fi ọ̀bẹ gé wọn."

"Mi ò mọ̀ pé ajá a máa gba agbẹjọ́rò."

"Inú òkúta tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ yín ló ń gbé. Kí ẹ tó kọ́ ilé adìyẹ síbẹ̀ ni mo ti sọ fún ọ."

Òótọ́ ni pé ó ti sọ. Igba adìyẹ òyìnbó ni ìjọba kó fún ilé-ẹ̀kọ́ náà kí àwọn ọmọ máa sìn wọ́n, Norbert sì lọ fi ilé wọn sẹ́sẹ̀ òkè, ibi tí òkúta ti ṣí ẹnu bí ilé tí kò nílẹ̀kùn. Ó ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé adìyẹ òun ni yóò ṣáájú ní gbogbo agbègbè. Báyìí, èyí tó ti ṣòfò tó ogún, àwọn aláṣẹ tó ń bọ̀ wá wò wọ́n sì kù díẹ̀ kí wọ́n dé. Ó ní láti rí ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù, ajá kò sì lè kọ̀wé dá a lóhùn.

Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Kamarou, olórí àdúgbò. Kamarou kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun, ìdí nìyí tí ìdájọ́ rẹ̀ kì í fi í dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Ó ní kí Ògúndélé ṣọ́ ilé adìyẹ fún òru mẹ́ta. Bí ó bá pa ẹtà, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta bá mọ́ tí kò sí awọ ẹtà, wọ́n á pa Kínimoṣe lẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ kí gbogbo ọmọ rí i. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Láti oṣù Ṣẹẹrẹ tí àwọn jagunjagun àjèjì ti já bọ́ sí Kútọnu, ìbọn kì í dún lóru kí àwọn aláṣẹ má wá béèrè. Nítorí náà Kamarou kọ ìwé àṣẹ, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ìbọn kò gbọ́dọ̀ dún àfi bí Dirẹtẹ́ bá wà níbẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe so ẹni méjì tí wọn kò lè jọ mu omi nínú igbá kan pọ̀ fún òru mẹ́ta.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni iná. Ògúndélé ní àtùpà ọdẹ tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú orí, tí omi ń kán sórí òkúta kábúrù nínú rẹ̀ tí á sì máa jó funfun gbòò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà òjò ni kábúrù ti wọ́n ní Ṣábẹ. Moustapha tó ń gbà á wá láti ọ̀nà Kábúà kò tíì dé. Iná kan ṣoṣo tó lágbára ládùúgbò náà ni tọ́ọ̀ṣì olóókúta márùn-ún tí Norbert ń lò, ẹrù ilé-ẹ̀kọ́ sì ni. Norbert ní kò ní kúrò lọ́wọ́ òun.

Ìṣòro kejì ni ìbọn fúnra rẹ̀. Ṣakabùlà bàbá rẹ̀ ni, idẹ kékeré tí wọ́n fi ń ṣe ojú ìwò ní ẹnu rẹ̀ sì ti bọ́ dànù sínú igbó. Lọ́sàn-án, ọwọ́ Ògúndélé mọ ibi tí ìbọn rẹ̀ kọjú sí. Lóru, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, pàápàá fún ojú tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún.

Ó fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan wá ojú tuntun fún un. Ìyàwó rẹ̀, Àyìnkẹ́, di igbá kan mú, ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sínú òkùnkùn tó ń ṣú bọ̀. Owó ẹyọ ni Ògúndélé kọ́kọ́ fi oje lẹ̀ mọ́ ẹnu ìbọn. Ó rí owó ẹyọ náà dáadáa, àmọ́ kò rí igbá mọ́, owó ẹyọ ti bò ó. Ó yọ ọ́ kúrò, ó we òwú mọ́ ọn, ó fi ẹfun kùn ún. Òwú náà rí bàìbàì, etí rẹ̀ ò dá gún.

"Ṣé igbá lẹ fẹ́ yìn ni àbí èmi?" ni Àyìnkẹ́ béèrè láti ọ̀ọ́kán.

"Má mira."

"Ẹ jẹ́ n mọ̀ o, kí n lè wọ aṣọ tó dáa."

Níkẹyìn ó gé egungun ìyẹ́ lékelèéke, kò gùn ju èékánná lọ, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ìbọn lóròó. Ìyẹn ló gbà á. Ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó jókòó sórí igbá náà láìbò ó. Ògúndélé rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Kínimoṣe rí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi ìrù na ilẹ̀. Ọdún mẹ́jọ nìyí tí ìbọn yẹn kò jáde nílé kí ajá má tẹ̀lé e.

"Ìwọ ò ní lọ lọ́tẹ̀ yìí," ni Ògúndélé wí fún un. Ó fi okùn dè é mọ́ ìdí odó. Bí ó ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ajá náà bú sí igbe, igbe náà sì bá a lọ dé ìdí ilé adìyẹ.

Òru àkọ́kọ́ bà jẹ́ pátápátá. Norbert dúró ní igun kan tòun ti tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Ògúndélé jókòó ní igun kejì tòun ti ìbọn. Nígbà tí àkùkọ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ, Norbert tan iná lójijì.

"Òun nìyẹn! Ojú rẹ̀ nìyẹn! Yìn ín!"

Òkùnkùn àti koríko ni Ògúndélé rí. Ó wò, ó tún wò. Nígbà tí yóò fi dìde, nǹkan náà ti lọ.

"O ò rí i?" ni Norbert béèrè. "O ń wò ó tààrà, o ò rí i?"

"Ojú ẹran a máa dá iná padà sọ́dọ̀ ẹni tí iná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ nìkan ló lè rí i láti ibi tí o wà. Kí lo rò pé ó ń jẹ́ kí ọdẹ gbé àtùpà sórí? Iná, ojú àti ẹnu ìbọn gbọ́dọ̀ wà lójú kan."

"Ojú rẹ ti fọ́, bàbá. Sọ pé ó ti fọ́."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọjà. Wọ́n ní Ògúndélé ọdẹ kò ríran mọ́. Obìnrin kan tó ń ra gàárì lọ́wọ́ Àyìnkẹ́ kí i kú ìtọ́jú. Àyìnkẹ́ ò ta gàárì fún un.

Òru kejì, òjò rọ̀ mọ́jú. Ẹtà kì í fẹ́ kí irun rẹ̀ tutù. Àwọn méjèèjì jókòó lábẹ́ páànù kan náà títí di ìdájí.

Bí ilẹ̀ òru kẹta ti ṣú, Norbert dé pẹ̀lú aṣọ pupa kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń so mọ́ ọrùn fún ayẹyẹ ìjọba. Ó ti gé e, ó ń so ó mọ́ ojú tọ́ọ̀ṣì.

"Kí nìyẹn?"

"Ẹranko kì í rí iná pupa. Ó wà nínú ìwé. Iná funfun yẹn ló lé e lọ lọ́jọ́ sí."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Yọ ọ́ kúrò."

"Nítorí kí ni?"

Ògúndélé gbìyànjú láti fi sùúrù sọ ọ́, sùúrù sì ń dun eyín rẹ̀. "Àwọ̀ ojú la fi ń mọ ẹran lóru. Ti ewúrẹ́ a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òróró. Ti ẹtu a máa tàn bí ìrì. Ti ajá aláwọ̀ ewé ni, bí ìdí ìgò. Ti ẹtà nìkan ló ń pọ́n bí ẹyin iná. Bí o bá fi aṣọ pupa bo iná, gbogbo ojú ni yóò di ojú ẹtà. Ojú tìrẹ náà á di ti ẹtà."

"Àwọn tó mọ̀ jù ọ́ lọ ló kọ ìwé yẹn."

"Wọ́n ti sùn nídìí òkúta Ṣábẹ rí?"

"Tọ́ọ̀ṣì ta ni?" ni Norbert wí. "Bí o kò bá fẹ́, máa lọ sílé. Kí a pa ajá lówùúrọ̀."

Ògúndélé gbé ìbọn sórí ìdábùú igi, ó kúnlẹ̀, ó sì pàṣẹ fún Norbert pé kó wá kúnlẹ̀ ti òun, kó gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ etí òun gan-an. Norbert kúnlẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kan ara. Òórùn pòmáàdì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kún imú ọdẹ, òórùn ẹ̀tù àti tábà kún imú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń mí díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà fa èémí ìkejì. Tọkọtaya kì í súnmọ́ra báyẹn láìfẹ́ràn ara wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí orúnkún fi kú.

Láti ọ̀nà ilé, igbe Kínimoṣe ń wá. Nígbà tó yá, igbe náà dákẹ́. Ògúndélé rò pé oorun ti gbé e lọ, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni koríko mì.

Norbert tan iná. Pupa dà sórí ohun gbogbo. Egungun lékelèéke tó wà lẹ́nu ìbọn pọ́n. Lábẹ́ ọgbà, nísàlẹ̀, ojú méjì dúró, wọ́n pọ́n bí ẹyin iná.

"Yìn ín," ni Norbert sọ sínú etí rẹ̀.

"Yọ aṣọ yẹn kí n rí i."

"Á sá. Yìn ín."

"Ìṣẹ́jú kan péré. Yọ ọ́."

"Adìyẹ wà lẹ́nu rẹ̀! Mo ń rí i! Àbí o kò rí ìyẹn náà? Wọ́n ti sọ ọ́ lọ́jà, afọ́jú ni ọ́. Afọ́jú ọdẹ."

Inú bí Ògúndélé. Ká má parọ́ fún ara wa, inú ló yin ìbọn yẹn. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló fi kọ́ ọwọ́ rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fa ohun tí ojú kò tíì dárúkọ, ẹnu ọmọ kan ló sì sọ gbogbo rẹ̀ di òfo. Ojú tó ti ń wá pupa láti òru mẹ́ta, pupa ló rí. Ó gbé egungun lékelèéke sí àárín ojú méjèèjì, ó sì fà á.

Ìbọn dún, èéfín bo wọn. Láàárín èéfín náà, ohùn kan ké lẹ́ẹ̀kan, kékeré, ó sì dákẹ́. Ògúndélé kò nílò iná láti mọ ohùn ta ni.

Norbert ti sáré lọ síbẹ̀. Ó já aṣọ pupa kúrò lójú tọ́ọ̀ṣì kó lè ríran dáadáa. Nígbà yẹn ló wá rántí pé ó ṣeé yọ. Ó dúró, ó wolẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín.

"Ṣé mo sọ fún ọ tàbí n kò sọ fún ọ? Ajá rẹ ni. Ìwọ fúnra rẹ lo pa olè rẹ."

Kínimoṣe ló fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbẹ̀. Kò sí adìyẹ lẹ́nu rẹ̀. Okùn tí ó fi eyín gé wà lọ́rùn rẹ̀, etí okùn náà ṣì tutù fún itọ́. Ó ti tẹ̀lé ìbọn wá, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Ògúndélé jókòó sílẹ̀, ó gbé orí ajá náà sórí itan. Ó fẹ́ sunkún, kò rí omijé. Ìbínú ti gba gbogbo àyè.

Láàárọ̀, Norbert to àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sí iwájú géètì, ó ní kí Kamarou wá. Ó ń ṣàlàyé fún wọn bí ìṣọ́ra kàmáráàdì kan ṣe gba ohun ìní gbogbo ènìyàn là. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni Ògúndélé wọlé. Ó fi ẹní wé ajá náà sí èjìká, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, Àyìnkẹ́ ń gbé abọ́ omi tẹ̀ lé e. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ láàárín wọn.

"Kamarou, súnmọ́ ibí."

Ó la ikùn ajá náà. Ikùn ẹran kì í ṣe ohun tuntun fún ọdẹ, àmọ́ ó di eyín rẹ̀ pọ̀ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi le. Ó ń mú ohun tó wà níbẹ̀ jáde ní ìkọ̀ọ̀kan, ó ń fọ̀ ọ́ nínú omi, ó sì ń gbé e sórí ewé. Èèpo iṣu. Ẹ̀wà díẹ̀. Orí ẹja gbígbẹ tí Àyìnkẹ́ jù sí i lálẹ́. Ó yí àpò ikùn náà síta, ó fọ̀ ọ́, ó tẹ́ ẹ. Ìyẹ́ kan kò sí níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ adìyẹ kan kò sí níbẹ̀.

Àwọn ọmọ ti bo ojú. Kamarou wo ewé náà pẹ́.

"Ajá yìí kò jẹ adìyẹ," ni ó wí, fún ìgbà kan láyé rẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

"Bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jẹ ẹ́ ni," ni Norbert wí.

"O sọ fún mi pé adìyẹ wà lẹ́nu rẹ̀," ni Ògúndélé wí.

Norbert yíjú sí àwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n wọlé.

"Láti ìgbà tí o ti dé ìlú yìí ni o ti rò pé ìwọ ni mo fi orúkọ ajá yìí ń bá wí. Ẹlòmíràn ni. N kò ronú kàn ọ́ rí." Ó ń ká ẹní padà. "Láti òní lọ, ìwọ ni."

Ní òru ọjọ́ yẹn gan-an, ẹtà jẹ adìyẹ mẹ́rin.

Òru tó tẹ̀ lé e, mẹ́fà. Norbert jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ń ju òkúta sínú òkùnkùn, òkúta tọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ sì ń kú lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún ó wá sí pèpéle Ògúndélé pẹ̀lú ìgò ọtí sódábì kan. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, aṣọ funfun rẹ̀ kan erùpẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ẹ ṣàánú mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é."

Ohùn rẹ̀ mọ "ẹ̀yin" náà sọ dáadáa. Ògúndélé tẹ́tí sí i títí ó fi parí.

"Iná wà lọ́wọ́ rẹ," ni ó wí. "Ìwé sì wà lọ́wọ́ rẹ."

Àyìnkẹ́ gbé sódábì náà tẹ̀ lé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dá a padà fún un. Nígbà tó wọlé, ó ní, "Àwọn ọmọdé ló ń sìn wọ́n o. Ẹ rántí."

"Mo rántí."

Moustapha dé láti ọ̀nà Kábúà lọ́jọ́ kejì, kábúrù sì pọ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Ògúndélé rà á. Lálẹ́ ó ki ìbọn, ó da omi sí àtùpà, ó dè é mọ́rí, ó sì jókòó sórí pèpéle rẹ̀, ibi tí ilé adìyẹ kò jìnnà sí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí koríko tó mì. Ó yí orí sí i. Ojú méjì dá iná padà sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n pọ́n fúnra wọn, kò sí aṣọ kankan láàárín. Kò lè ṣì wọ́n mú fún ohunkóhun. Egungun lékelèéke jókòó funfun sí àárín wọn, kò mira. Afọ́jú kò lè tàsé e.

Ọwọ́ òsì rẹ̀ wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle, sí ibi tí orí ajá máa ń wà, ó bá ilẹ̀ lásán.

Ó sọ ìbọn kalẹ̀. Ó dí omi àtùpà, iná náà rọ, ó kú. Bí ó ti ń wọlé lọ ló gbọ́ tí adìyẹ àkọ́kọ́ ké, tí ohùn Norbert sì tẹ̀ lé e, ó ń pe bàbá, bàbá. Ògúndélé tilẹ̀kùn, ó dùbúlẹ̀ ti ìyàwó rẹ̀, ó sì fa aṣọ borí.